Adéróunmú Fẹ̀yìn Balẹ̀ Jà

Ọ̀kadà ló ba orúnkún Adéróunmú jẹ́ ní Ring Road. Káfíńtà ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọmọ Bàbá Akínsànyà ará Àpáta. Igba ìjàkadì ni bàbá yìí jà nígbà èwe wọn, ẹ̀yìn wọn kò sì kan ilẹ̀ rí. Ẹ má bi mí bí mo ṣe kà á. Mo kà á, ó pé. Láti ìgbà tí ọmọ wọn ti ń tiro ni wọn kò ti fi í yangàn mọ́. Bí àlejò bá béèrè rẹ̀, wọn á ní, "Ìyẹn? Ó wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀" yìí ló lé Adéróunmú dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ jùjítsù ní Agbowó. Aṣọ funfun tó nípọn bí tapólìn ni wọ́n ń wọ̀ jà á. Ẹni tí wọ́n bá fún lọ́rùn tó fọwọ́ lu ilẹ̀ ló pòfo. Wọn kì í ka ẹ̀yìn tó balẹ̀ sí ìṣubú.

Orúnkún kò gbà kó dúró bá ènìyàn wọ̀yá ìjà. Ló bá kọ́ ọgbọ́n kan nínú fóònù, ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kì í lò níbẹ̀: kó jókòó fúnra rẹ̀, kó fa etí ẹ̀wù ọ̀tá yọ lábẹ́ bẹ́líìtì, kó fà á gba abẹ́ itan onítọ̀hún, kó fọwọ́ kejì gbá a mú. Ẹ̀wù ẹlẹ́wù á di okùn ẹlẹ́wù.

Kóòṣì Ọ̀ṣuntókun rẹ́rìn-ín títí. "Bọ̀dá káfíńtà, ṣé aṣọ lẹ fẹ́ fọ̀ ni?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́, sà," ni Fàwáz tí wọ́n jọ ń ṣe é wí, "tèmi ti dọ̀tí tẹ́lẹ̀."

Oṣù mẹ́jọ ló fi ń dán an wò lára Fàwáz. Ìka rẹ̀ wú débi pé kò lè di ìṣó mú. Nígbà tó yá, bó bá ti fi ẹ̀wù dè é, Fàwáz tó tóbi bí fìríìjì kò lè ṣísẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ìdíje dé sí Bódìjà, Adéróunmú lọ dọ̀bálẹ̀ ní Àpáta. "Bàbá, ẹ wá wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré." Kò sọ fún wọn pé òun yóò jókòó, ó fẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu.

Wọ́n wá, wọ́n jókòó níwájú. Rẹfirí ní ó yá. Adéróunmú di ọkùnrin Akobo kan lápá ẹ̀wù mú, ó jókòó, ó fẹ̀yìn lélẹ̀.

"Háà! Kò mà sẹ́ni tó tì í!" Bàbá dìde. Láti orí mátì, Adéróunmú rí bàtà wọn tó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ pè wọ́n, ṣùgbọ́n etí ẹ̀wù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ọwọ́ á dẹ̀. Ó fi ẹ̀wù náà de ọkùnrin náà, ó fà á lulẹ̀, ó fún un lọ́rùn. Kò pẹ́ tí ará Akobo fi ń lu mátì bí ẹni ń pa ẹ̀fọn. Ariwo sọ, wọ́n gbọ́ ọ ní Dùgbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé mẹ́dà tó gbà níbi ìdíje dé Àpáta. Bàbá àti àlejò wọn kan, àgbà ìjọ, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mo borí, sà."

"Mo wà níbẹ̀. O ṣubú."

"Bí wọ́n ṣe ń jà á nìyẹn, Bàbá. Ẹ ò dúró wo ìparí."

Bàbá yí mẹ́dà náà sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n gbé e fún àlejò. "Àwọn ènìyàn yẹn ṣàánú gan-an. Wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fún un ní nǹkan."

"Olúwa á san án fún wọn o," ni àgbà ìjọ gbàdúrà.

Àwọn méjèèjì ń wo Adéróunmú lẹ́nu.

"Àmín, sà," ló wí.