Half dollar Bàbá Ìsàlẹ̀

Ohùn bàbá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní Auburn Gresham, ní Chicago, kò kúrò létí mi. Látìgbà tí ìyàwó wọn ti kú, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á ṣílẹ̀kùn: "Ọmọ mi, ṣé half dollar àtijọ́ tí mo tọ́jú yìí ò ti ju àádọ́ta sẹ́ǹtì tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ báyìí?"

Mo fi mọ́tò gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ra owó ẹyọ àtijọ́ ní Tinley Park. Ó ní fàdákà wà nínú àwọn ti ìgbà kan, èyí ló ń jẹ́ kí wọ́n níye lórí, ṣùgbọ́n kò sí nínú ti Bàbá. Inú wọn ò bàjẹ́. Wọ́n bi í nípa ẹyọ dọ́là kan, wọ́n tún bi í nípa òmíràn, títí ó fi ń pa iná ṣọ́ọ̀bù.

Nínú mọ́tò, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọkùnrin yẹn mọ̀rọ̀ọ́ sọ o. Ṣé wọ́n ń ṣí lọ́la?"