Kámẹ́rà Tí Kò Mọ Àwọ̀

Fáòsíà kì í ṣe onínúfùfù. Àwọn tó ń ya fọ́tò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Kokomlemle nílùú Accra mọ̀ pé ó lè dúró ti ọmọ tó ń ké títí ọmọ náà yóò fi rẹ́rìn-ín, kó tó tẹ kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó fẹ́ ra kámẹ́rà tuntun yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ti lanu sọ fún un pé, "Ní sùúrù díẹ̀ sí i," ṣe ló máa ń fẹ́ gbaná jẹ.

Accra ni wọ́n bí i sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, Abdul-Rahim, ti wá, Alata, orúkọ tí wọ́n fi ń pe Yorùbá níbẹ̀, sì ni àwọn ará àdúgbò ń pè wọ́n. Yorùbá ló ń sọ nílé, Ga lójú títì, Twi ló fi ń nájà. Fọ́tò ni bàbá rẹ̀ náà ń yà, láyé ìgbà tí fọ́tò aláwọ̀ ṣọ̀wọ́n. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní yàrá kékeré kan tó ṣókùnkùn biribiri, ibẹ̀ ló ti ń fọ fọ́tò. Fáòsíà máa ń dúró ti abọ́ omi oògùn, kó lè rí ojú èèyàn tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára bébà. Nígbà tí bàbá kú, ṣọ́ọ̀bù di ti Fáòsíà, ṣùgbọ́n fíìmù ti di ọ̀wọ́n gógó, oògùn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lọ́jà mọ́.

Fọ́tò ìgbéyàwó àti ti páàsípọ́ọ̀tù ló fi ń jẹun, aláwọ̀ sì ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀ yàtọ̀. Ó ń ya àwọn àgbà Yorùbá tó kù ní Accra, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí ìjọba tó lé àwọn àjèjì lọ́dún 1969, tí wọ́n fara pamọ́, tàbí tí wọ́n lọ tí wọ́n sì tún padà. Inú yàrá wọn ló ti ń yà wọ́n, kì í sì í tan iná fíláàṣì sí wọn, nítorí ojú àgbà kò gba irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kámẹ́rà aláwọ̀ ló ń lò. Tó bá délé, á fi kọ̀ǹpútà yọ àwọ̀ kúrò. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Awọ dúdú dídán á wá rí bí ilẹ̀ tí wọ́n da eérú sí. Ilà ojú á pòórá. Fáòsíà á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á tún fọ́tò náà ṣe, á bà á jẹ́, á pòṣé, á sì pa kọ̀ǹpútà.

Ìgbà ọyẹ́ ni ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Abena lẹ́bàá oríta ńlá tí wọ́n ń pè ní Circle. Abena ń ta kámẹ́rà àlòkù. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé ọ̀kan jáde tí Òyìnbó kan tó ń padà sílé ní kó bá òun tà.

"Dúdú àti funfun nìkan ni èyí ń yà," Abena sọ fún un ní Twi. "Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Kò mọ pupa, kò mọ aró."

Fáòsíà mọ irú rẹ̀. Ó ti kà nípa rẹ̀ tipẹ́. Nítorí pé kì í wá àwọ̀ kiri, gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ ló ń lò, yàrá tó ṣókùnkùn kì í sì í dà á láàmú. Ó gbé e sójú, ó ya Abena níbi tó jókòó sí lẹ́yìn káńtà, ní ibi tí oòrùn kò dé. Nígbà tó wo ohun tó yà, ó rí irun wẹ́wẹ́ etí Abena, ó rí òógùn tó sẹ̀ sí i nímú, ó rí i pé dúdú tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí dúdú tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti rí irú ẹ̀ kẹ́yìn, láti ìgbà abọ́ omi oògùn bàbá rẹ̀ ni.

"Bá mi tọ́jú ẹ̀," ó ní. "Mò ń bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún, ìyẹn sì ni àṣìṣe tó ṣe.

Nasrullah ni ẹ̀gbọ́n yìí ń jẹ́. Ó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Tema. Kò ní kámẹ́rà kankan láyé rẹ̀, ojú fóònù rẹ̀ pàápàá ti fọ́ yánkanyànkan, síbẹ̀ kò sí kámẹ́rà tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, á jókòó ti fóònù tó fọ́ náà, á máa wo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa kámẹ́rà lórí ìkànnì. Òun ló gbé bùkátà ilé-ìwé Fáòsíà nígbà tí bàbá wọn kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí àbúrò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

"Má rà á o!" ó ké lórí fóònù. "Fáòsí, èyí tó máa rọ́pò ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Bátìrì tìyẹn máa pẹ́ ju èyí lọ. Gíláàsì ẹ̀yìn ẹ̀ tí wọ́n fi ń wo fọ́tò á ṣeé yí sókè yí sódò. Tó o bá ra ògbólógbòó yẹn báyìí, o máa kábàámọ̀. Ní sùúrù díẹ̀ sí i."

"Ìgbà wo ló máa jáde, Bùọ̀dá?"

"Kó tó di ìgbà òjò."

Òjò dé. Omi kún ojú gọ́tà Circle bó ṣe máa ń kún, kámẹ́rà kò jáde. Nasrullah ní ó di ẹ̀yìn ààwẹ̀. Ààwẹ̀ parí, wọ́n jẹ ìtúnu, kò sí ohun tó jáde. Ó ní àwọn tó ń ṣe é ló ń tún nǹkan kan ṣe lára rẹ̀, pé sùúrù tí Fáòsíà ní yìí kò ní já sásán. Abena náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè. "Sister, ṣé wàá rà á àbí o ò ní rà á? Mo gbé e sókè, mo gbé e sílẹ̀, ó ti sú mi." Fáòsíà á bẹ̀ ẹ́. Tó bá sì gbé fóònù sílẹ̀, á bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń wo ìkànnì kan náà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò, tó ń ka àhesọ, tí oúnjẹ ń jóná.

Ẹni tí ìdúró yìí pa lára jù ni Ìyá Àgbékẹ́, tó ń gbé ní New Town, àdúgbò tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Lagos Town. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ Muslimat, tó ń ta òkìríká ní ọjà Kantamanto, ló jọ ń gbé inú yàrá olójú fèrèsé kan. Fáòsíà ti yà á nígbà kan, fọ́tò náà kò dára, ó sì ṣèlérí pé òun á fi kámẹ́rà tuntun tún un yà. Gbogbo ìgbà tó bá lọ kí i ni màmá máa ń bi í léèrè.

"Kámẹ́rà ọ̀hún dà?"

"Ó ń bọ̀, Ìyá."

"Ṣé wọn ò tíì bí i ni? Oyún rẹ̀ mà pẹ́ o."

Muslimat kò tilẹ̀ lóye ọ̀rọ̀ náà rárá. "Àǹtí Fáòsíà, ẹ̀ẹ́ san ju owó kámẹ́rà gidi lọ, kí ẹ lè ra èyí tí kò ríran dáadáa?" Fáòsíà á ṣàlàyé títí. Muslimat á mi orí, á ní òun ti gbọ́, ojú rẹ̀ á sì máa sọ pé kò gbọ́ nǹkan kan.

Lẹ́yìn Iléyá ni Muslimat wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó.

"Àǹtí, wọ́n ń mú Ìyá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ o. Bàbá wa àgbà, àkọ́bí Ìyá, ló ránṣẹ́, wọ́n ní kí Ìyá wá sinmi nílé. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mọ́tò máa gbé wọn."

Fáòsíà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó wọ trotro, bọ́ọ̀sì akérò, lọ sí Tema. Gbogbo ọ̀nà ló ń fi ọkàn sọ ohun tí yóò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. Ó bá a lẹ́yìn géètì èbúté, níbi tó ti ń jẹ wàákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, nínú ewé lábẹ́ àtíbàbà kan.

"Bùọ̀dá, ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n dá fún kámẹ́rà yìí?"

"Wọn ò dá ọjọ́. Àmọ́ ẹni tó sọ ọ́ kì í purọ́."

"Ta ni?"

"Mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Ará Jámánì kan ni."

"Ṣé ẹ gbọ́ èdè Jámánì ni?"

"Wọ́n máa ń kọ ìtumọ̀ ẹ̀ sísàlẹ̀."

Fáòsíà fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló jáde. "Ìyá Àgbékẹ́ ń lọ lọ́sẹ̀ yìí. Àtìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń bẹ màmá yẹn. Bó bá délé, èmi ò ní rí i mọ́, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Nasrullah gbé síbí sílẹ̀. "Ó yẹ kó o ti rà á nígbà yẹn."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má rà á!"

"Èmi ni mo sọ ọ́," ó ní. "Ìwọ tó gbọ́ ńkọ́? Ṣé mo dì ẹ́ lọ́wọ́ mú ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun, nítorí pé òótọ́ wà níbẹ̀. Ó padà sínú trotro, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Circle, ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Abena.

Abena wò ó. "Ṣé o ò ní dá a padà lọ́la, bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá tún pè?"

"Abena, jọ̀ọ́, gbé e fún mi kó tó di pé mo tún ronú."

Ó sanwó, ó gbé e lọ sílé, ó sì sùn fọnfọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kò tíì jẹun àárọ̀ tí fóònù fi dún. Nasrullah ni, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì.

"Ó ti jáde! Fáòsí, ó ti jáde! Wọ́n kéde ẹ̀ láàárọ̀ yìí! Àbí mi ò sọ fún ẹ?"

Fáòsíà gbé fóònù náà lé orí tábìlì. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó bọ́jú, ó gbá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó padà dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀.

"...gíláàsì ẹ̀yìn ẹ̀ ṣeé yí, bí mo ṣe wí gẹ́lẹ́..."

"Bùọ̀dá, ìgbà wo ló máa dé Accra?"

"Ìyẹn... ẹni tó bá tètè forúkọ sílẹ̀, bóyá lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́," Fáòsíà ní, ó sì pa fóònù.

Nígbà tó dé New Town, ó bá Ìyá Àgbékẹ́ lórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Màmá ti múra bí ìyàwó tuntun. Ó ró àrán pupa fòò, ó we gèlè olómi wúrà. Fáòsíà rántí pé kámẹ́rà òun kò mọ pupa. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó yọ kámẹ́rà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé dára, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ojú màmá.

"Gbé e wá kí n rí i," Ìyá Àgbékẹ́ ní. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Àrán mi dà?"

"Òun lẹ ró yìí, Ìyá."

"Èyí dúdú. Pupa ni mo ró."

"Kámẹ́rà yìí kì í ya àwọ̀, Ìyá."

Màmá yíjú sí Muslimat. "Ṣé èyí náà ni wọ́n ń retí látìgbà ọyẹ́?"

Muslimat rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé orí òkìtì aṣọ. Ojú ti Fáòsíà, inú sì bí i. Bí kì í bá ṣe ti ọ̀wọ̀ ni, ì bá palẹ̀ mọ́ kó sì máa lọ. Ó fa fóònù yọ, ó fi ya màmá ní aláwọ̀, àrán yọ pupa bí ata, inú Ìyá Àgbékẹ́ sì dùn. Ó ní kí wọ́n fi ìyẹn ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ òun kíákíá.

Fáòsíà ti ń ti kámẹ́rà bọ àpò nígbà tí màmá tún na ọwọ́.

"Jẹ́ kí n tún rí ti àkọ́kọ́ yẹn."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé e sún mọ́ ojú gan-an.

"Màámi nìyí," Ìyá Àgbékẹ́ ní.

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Mo mọ̀ pé èmi ni. Màámi náà ni." Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, lórí ilà. "Ẹnikẹ́ni ò ya màámi rí. Mi ò tíì pẹ́ níbí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé ó kú, mi ò sì rí ọ̀nà lọ sílé. Mo ti gbàgbé bí ojú ẹ̀ ṣe rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbàgbé." Ó gbé kámẹ́rà náà fún Fáòsíà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè. "Muslimat, bọ́ aṣọ yìí lára mi. Fún mi ní èyí tí mo fi ń sùn. Màámi ò ní àrán."

Ó jókòó padà pẹ̀lú ìró àlòkù, orí ṣíṣí, irun funfun rẹ̀ tí wọ́n dì mọ́lẹ̀. Fáòsíà ń yà á. Bó ṣe di pé ìmọ́lẹ̀ kúnjú ìwọ̀n, tí màmá gbé ojú sókè bí ẹni tí wọ́n pè láti òde, bátìrì kú.

Ó fi bátìrì síná, iná lọ. Dumsor, bí wọ́n ṣe ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀, ti dé, gbogbo àdúgbò pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Fáòsíà jókòó sílẹ̀, ó gbórí lé ọwọ́, ó sì ṣépè fún àwọn oníná, fún àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà, àti fún ará Jámánì tí kò mọ̀ rí.

"Ó tó," Ìyá Àgbékẹ́ ní. "Èyí tó o yà tó."

Ó sì tó lóòótọ́. Fáòsíà tẹ ọ̀kan jáde sí bébà ńlá, ó gbé e lọ fún màmá kó tó wọ mọ́tò. Nasrullah wá láti Tema láti sin màmá dé ìdí mọ́tò. Ó dúró ti fọ́tò náà pẹ́, kò sì sọ ohun kan nípa kámẹ́rà kankan.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Muslimat yà sí ṣọ́ọ̀bù láti sọ ohun tó ń lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní Ìyá Àgbékẹ́ ti gbé fọ́tò náà kọ́ sára ògiri, gbogbo àlejò tó bá wọlé ló ń fi hàn pé, "Màámi rèé." Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá a fà á, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ̀yin nìyí." Wọ́n ti ń rò pé arúgbó ló ń ṣe é.

"Sọ fún wọn kí wọ́n má bá a jiyàn mọ́," Fáòsíà ní, ó sì yí ìjókòó ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò páàsípọ́ọ̀tù sí ibi ìmọ́lẹ̀.