Ilé-ẹ̀kọ́ Tí Kò Ní Pàṣán

Wọ́n ní orí mi ti dàrú. Èèyàn tó níṣẹ́ tíṣà ìjọba lọ́wọ́ ní Ìkirè, tó wá fi í sílẹ̀ nítorí kó lè máa kọ́ ọmọ méje nínú pálọ̀ bàbá rẹ̀ ní Àpòmù! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n lọ gbààwẹ̀. Ká sọ òótọ́, pàṣán ló sú mi. Ọmọ pẹ́ dé, pàṣán. Kò mọ ìṣirò, pàṣán. Ó mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù ò jẹ́ kó sọ ọ́, pàṣán náà ni.

Ọmọbìnrin kan tẹ̀lé mi kúrò níbẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ló ń tọ́ ọ. Ní Ìkirè, bí tíṣà bá pè é, ṣe ló máa ń tọ̀ sára. Lọ́dọ̀ mi, orí ẹní la ń jókòó sí, Yorùbá la fi ń kàwé, òfin kan ṣoṣo la sì ní: ohun tí kò bá yé ẹ, béèrè. Háà, ó béèrè! Kí ló dé tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò ní kóró? Kí ló dé tí òṣùpá ń tẹ̀lé wa? Inú mi dùn débi pé mo máa ń dá rẹ́rìn-ín nídìí ààrò. N kò rò ó pé yóò gbé ìbéèrè délé.

Lọ́jọ́ kan, màmá àgbà yìí wọlé, wọ́n di ọmọ mú, wọ́n gbé pàṣán àtòrì tuntun dání. Àwọn òbí wa máa ń fọwọ́ ara wọn gbé pàṣán wá fún tíṣà. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé àwọn fọkàn tán ẹ nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Tíṣà, mo lálejò lánàá. Mo ní kí ọmọ yìí lọ pọnmi wá. Ó ní, 'Kí ló dé tó jẹ́ èmi?' Níwájú àlejò! Ẹ gbà, ẹ nà án kí n rí i."

"Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo kọ́ ọ. A kì í na ọmọ níbí."

"Wàláhì, a jẹ́ pé ọmọ ọlọ́mọ lẹ kà á sí. Màá dá a padà sí Ìkirè lónìí."

Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n kọ̀. Wọn ò purọ́: ọmọ tó bá ń bi àgbà ní "kí ló dé" ládùúgbò wa, ẹni tó tọ́ ọ ni wọ́n máa bú. Mo bú sẹ́kún níwájú àwọn ọmọ, ojú ò tì mí.

Ọmọ náà wò mí, ó wo ìyá àgbà. Ó bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi.

"Mà, ẹ kúkú nà mí. Ẹ nà mí kí n lè dúró."

Mo gba pàṣán náà. Mo gbé e sókè. Ọlọ́run rí mi, ọwọ́ mi kọ̀ jálẹ̀.

Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ké sí ọ̀kadà. Wọ́n fi pàṣán náà lé ọmọ lọ́wọ́ pé kó dì í mú dáadáa, tíṣà Ìkirè máa lò ó.