Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Kọ̀ Láti Jó Níná

Mo rántí ìgbà tí mo ra kásẹ́ẹ̀tì yẹn ní Bwari, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó pàtẹ sẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn òyìnbó onírun gígùn ló wà lára páálí rẹ̀, ọ̀kan gbé gìtá kọ́rùn, àgbélébùú sì wà lẹ́yìn wọn. Ọkùnrin náà ní orin ìgbàgbọ́ ni. Mo ní kó gbé e sí i kí n gbọ́. Kí orin àkọ́kọ́ tó dé àárín, mo ti mọ̀ pé mi ò ní fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo ti dúró, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni ṣàánú mi. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Kado nígbà yẹn, kò sí panẹbítà tó tó mi. Mọ́tò ì báà rún bí agolo, tí mo bá fi òòlù bá a sọ̀rọ̀, ẹni tó ni ín kò ní mọ̀ pé ó forí sọ nǹkan rí. Àwọn olówó Maitama gan-an ń wá mi wá. Orin yẹn ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Gìtá rẹ̀ ń ké bí irin tí wọ́n ń gé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ọ́ kò fi Ọlọ́run ṣeré. Gẹ̀ẹ́sì mi ò tó nǹkan, síbẹ̀ mo gbọ́ Jésù, mo gbọ́ àánú. Kí ni mo tún fẹ́ gbọ́?

Wàhálà dé nígbà tí mo fẹ́ gbéyàwó. Nínú ìjọ wa, àwọn àgbà gbọ́dọ̀ wá wo ilé ọkọ kí wọ́n tó so ẹni méjì pọ̀. Bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, tó jẹ́ alàgbà, àti ìyá ìjọ ni wọ́n wá. Mo gbálẹ̀, mo ra mínírà. Kí inú wọn lè dùn sí mi, èmi ọlọ́gbọ́n wá gbé orin ìgbàgbọ́ sí i.

"Kí lèyí?" Alàgbà bèèrè.

"Orin ìyìn ni, sà."

"Ìyìn ta?"

"Ti Jésù, sà."

"Jésù wo? Ṣé adití ni?"

Ìyá ìjọ ti fọwọ́ di etí. "Bí ìgbà tí wọ́n ń fi òòlù lu páànù ni!"

"Ẹ ṣé, mà. Iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Alàgbà dìde, ó ní kí n gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá síwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, kí wọ́n jó o níná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun ò ní fún mi lọ́mọ.

Ọmọbìnrin náà wá bá mi lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti wú.

"Kásẹ́ẹ̀tì lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí èmi?"

"Ìwọ ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá jó ohun tí mo mọ̀ pé ó dáa torí bàbá ẹ, kí ni mi ò ní jó tó bá tún pàṣẹ?"

Ó fa àga, ó jókòó. "Gbé e sí i. Jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó fẹ́ lé mi kúrò nílé bàbá mi."

Ó gbọ́ ojú kìíní tán, òun fúnra ẹ̀ ló yí i sí ojú kejì. Orin kan wà níbẹ̀ tí kò nílù, gìtá kan ṣoṣo àti ohùn tó ti há. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ. Nígbà tó parí, ó ní, "Ó ń sọ fún Ọlọ́run pé ó ti rẹ òun, ṣùgbọ́n òun ò ní lọ síbì kankan. Mi ò gbọ́ irú àdúrà yìí rí ní ìjọ wa. Má jó o."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jáde síwájú ìjọ lọ́wọ́ òfo. Mo ní, "Mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà. Mi ò ní jó orin Jésù níná." Alàgbà nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Mo jáde, ọmọ rẹ̀ sì dìde tẹ̀ lé mi. Ìjọ kékeré kan ní Bwari ló so wá pọ̀. Bàbá rẹ̀ kò wá.

Lónìí, ìjọ tó lé mi ti ní gìtá àti ìlù tó ń mi ògiri. Kò sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ bẹ̀ mí. Orin tuntun ń jáde: ọ̀tá á kú, mọ́tò á dé, ilé á dé. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ta ló máa rántí wọn? Orin tèmi kò ṣèlérí mọ́tò fún mi, ìdí nìyẹn tí kò fi já mi kulẹ̀ rí.

Ìyàwó mi a máa wo fọ́tò ìgbéyàwó wa nígbà mìíràn, á fọwọ́ kan ibi tó yẹ kí bàbá rẹ̀ dúró sí. Ó ń dùn ún. Ó ń dun èmi náà. Síbẹ̀, bí wọ́n bá tún pè mí lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe.