Obìnrin Tó Ki Oríkì Wa

Lánàá ni mo ṣí ìwé tuntun tí òpìtàn kan kọ nípa ohun tí ogun ń fi sílẹ̀. Òórùn bébà rẹ̀ gbé mi padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá bàbá mi ní Kétu.

Mò ń yin àgbàdo níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà èwe mi, nígbà tí òpìtàn yìí kan náà gbé obìnrin àgbà kan wá lórí alùpùpù. Eruku pupa bo ojú àwọn méjèèjì.

"Ìyá, Àgbómẹ̀ ni wọ́n bí i sí," òpìtàn náà wí. "Kétu níbí ni wọ́n ti kó ìyá ìyá rẹ̀ lẹ́rú nígbà ogun."

Èdè Fọ̀n nìkan ni obìnrin náà gbọ́. Síbẹ̀ ó kúnlẹ̀, ó sì ki oríkì ilé wa délẹ̀ láì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Ìyá bàbá mi kọjú sí òpìtàn náà.

"O ṣìlé, ọmọ mi. Kò sí ẹni tó sọnù nílé wa."

"Ìyá, oríkì yín ló kì yẹn."

"Mo ní kò sí."

Mo ti bímọ kí n tó gbọ́ pé àwọn baba ńlá wa ló fa ọmọbìnrin ilé wa kan lé ọ̀tá lọ́wọ́, kí ọ̀tá lè dá àrẹ̀mọ wọn sí.

Mo bu omi fún obìnrin náà. Ó mu ún, ó fọwọ́ pa ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n sì lọ.

"Ìyá, ta ni obìnrin yẹn?" mo bi í.

"Àlejò ni."

Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó ń sunkún, tó ń pe orúkọ obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò pè rí nílé wa.