Èjìká Ọ̀tún Aṣọ Ìyàwó Mi

Mo rántí ìgbà tí mo wà lórí bẹ́ǹṣì kan ní Sávàlú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, síbẹ̀ tí n kò jókòó jẹ́ẹ́ rárá. Mo ń dìde, mo ń jókòó, mo ń lọ sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò, mo tún ń padà. Abẹ́rẹ́ àti òwú funfun wà nínú àpò àyà ẹ̀wù mi, gbogbo ìgbà ni mo sì ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ìyàwó mi wà lórí ẹní níwájú mi, òun àti àwọn ènìyàn bí ọgbọ̀n, wọ́n ń kọ́ ìjà àwọn ará Bràsíl tí wọ́n ń pè ní jujítsù. Gbogbo ẹni tó rí mi lọ́jọ́ náà ló rò pé ìfẹ́ ìyàwó ló ń dà mí láàmú. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bi ló pọ̀ jù.

Aránṣọ ni mí ní Bàǹtẹ̀. Ìyàwó mi ń ra àgbàdo ní abúlé Koko àti ti Bobẹ̀, ó ń kó o wá sílé láti tà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi abẹ́rẹ́ gígùn rán ẹnu àpò, á sì fi kókó kan parí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè tú àfi kó fi ọ̀bẹ gé e. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Àwọn awakọ̀ mọ kókó yẹn, wọn kì í bu àgbàdo rẹ̀ lójú ọ̀nà. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀gá máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń ní ìránṣọ rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ adìẹ nínú ẹrẹ̀. Á rẹ́rìn-ín, á ní àgbàdo kò bèèrè ẹwà.

Ní ọdún kan, ọkùnrin kan dá a lọ́nà nígbà tó ń ti Koko bọ̀ lórí alùpùpù rẹ̀. Ó tì í ṣubú, ó jókòó lé e láyà, ó já báàgì rẹ̀ gbà, ó sá wọ igbó. Ìyàwó mi délé pẹ̀lú iyanrìn nínú eyín. Láti ọjọ́ náà, kò lè dá lọ sí oko ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ewúrẹ́ bá sáré kọjá lẹ́yìn rẹ̀, á ta gìrì. Èmi ni mo ń ti ṣọ́ọ̀bù láti sìn ín lọ ra àgbàdo, àwọn oníbàárà mi sì ń bínú. Ìgbà náà ni olùkọ́ eré ìdárayá kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé ní Kùtọnu, dé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga Bàǹtẹ̀. Ó da ìyẹ̀fun pákó sínú àpò, ó tẹ́ tapolíìnì lé e lórí, ó ní ẹní ìjà ni. Ìyàwó mi kọ́kọ́ lọ wòran. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi ní kó lọ ṣe é, ó sì lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó dá gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí Koko, ó sì ń kọrin bọ̀. Inú mi dùn débi pé mo fún olùkọ́ náà ní ṣòkòtò tuntun lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó yẹ kí ìtàn náà parí síbẹ̀, bí mo bá jẹ́ ènìyàn gidi. Ṣùgbọ́n ìròyìn dé pé ọ̀gá kan láti ilẹ̀ Bràsíl yóò wá kọ́ni ní Sávàlú fún ọjọ́ kan. Ẹni tó bá ṣe dáadáa lójú ọ̀gá náà yóò bọ́ ìgbànú funfun, yóò gba búlúù. Olùkọ́ wa sì ti sọ fún ìyàwó mi pé bó bá gba búlúù, òun yóò jẹ́ kó máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin Bàǹtẹ̀. Kò sí ohun tó ń fẹ́ láyé nígbà náà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń ka orúkọ àwọn ọmọ náà sí mi létí bí ẹni pé wọ́n ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó kù ni aṣọ, ìyẹn ẹ̀wù funfun tó nípọn tí wọ́n fi ń jà, nítorí kò sí ẹni tó ń tà á nítòsí wa. Mo ní kó má ṣèyọnu, pé ta ló fẹ́ aránṣọ tó tún ń wá aṣọ kiri. Olùkọ́ yá mi ní tirẹ̀ láti fi wo bí wọ́n ṣe gé e, ó sì kìlọ̀ pé kí n rán ojú ìránpọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí fífà ni wọn yóò máa fà á.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo ń rán an, a kírun alásárì tán, a jókòó síwájú mọ́sálásí, bàbá àgbà kan tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ wo ojú mi. “Aránṣọ,” ó ní, “mo gbọ́ pé aṣọ ìjà lo ń rán fún ìyàwó rẹ báyìí. Rán tìrẹ náà mọ́ ọn o, nítorí ọjọ́ tí o bá pẹ́ délé.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín náà nínú ẹ̀rọ ìránṣọ mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo kọ́kọ́ ní kó lọ, mo wá ń rò ó pé ó ti tó. Mo ti rán gbogbo aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ku èjìká ọ̀tún. Mo mú òwú àtijọ́ kan tó ti ń jẹrà nínú àpótí, mo jẹ́ kí ojú abẹ́rẹ́ jìnnà síra wọn, mo rán an lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ní bí apá aṣọ náà bá já lójú àlejò lẹ́ẹ̀kan, ìtìjú yóò mú un, yóò sì fi ìjà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. N kò fẹ́ kó fara pa. Bí mo ṣe ń tu ara mi nínú nìyẹn, bí ẹni pé ìtìjú kì í ṣe ọgbẹ́.

Nígbà tí mo gbé aṣọ náà fún un, ó yí inú rẹ̀ síta, ó ń fi ìka tọ ojú ìránpọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe sí àpò àgbàdo. Ìka rẹ̀ dúró díẹ̀ ní èjìká kan. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbejì.” Ó ká a, ó gbé e wọlé.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú ni mo ti wà ní ìsàlẹ̀ kòtò tèmi. Mo ní kó gbé aṣọ náà wá kí n tún un lọ̀, ó ní òun ti lọ̀ ọ́. Mo ní kí n wo kọ́là rẹ̀ wò, ó ní kọ́là dára, pé ó ti wà nínú báàgì. Ní òwúrọ̀ Sátidé tí a ń lọ sí Sávàlú, èmi ni mo wa alùpùpù, ó jókòó sẹ́yìn mi, báàgì wà láàrin wa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo la ẹnu láti jẹ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pa á dé. Ó bi mí kí ni mo sọ. Mo ní eruku ló pọ̀.

Ìyá kan jókòó sí bẹ́ǹṣì níbi tí mo wà, ará Sávàlú, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, tí ọkọ rẹ̀ wà lórí ẹní. Mahi ni èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ tiwa. Ó kí mi ní “Kúàbọ̀,” ó bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́, ó ní inú òun dùn síbi tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé, pé bí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn náà ṣe rí nìyẹn. Òun ló ṣàlàyé fún mi pé ẹni tí wọ́n bá fún lọ́rùn tàbí tí wọ́n ká lápá, bí kò bá lè fara dà á mọ́, á fi ọwọ́ gbá ẹní lẹ́ẹ̀mejì, ẹnìkejì á sì fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò pẹ́ tó fi wo ọwọ́ mi. Mo ti ń gbá bẹ́ǹṣì láìmọ̀.

“Ta ló fún yín lọ́rùn, bàbá?” ó bi mí.

Mo ní kò sí.

“Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ti ń dà mí láàmú. Èmi, bí ọkọ mi ṣe ń ṣubú yẹn, mo ń dúpẹ́ pé òun ló ń ṣubú, kì í ṣe èmi.”

Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀gá náà ní kí wọ́n kọ́ bí ènìyàn ṣe ń bọ́ lábẹ́ ẹni tó jókòó lé e láyà. Ọ̀gá náà gbọ́ Faransé, olùkọ́ wa sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwa ará Bàǹtẹ̀. Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ìyàwó mi. Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ọmọbìnrin kan láti Pàràkú tó ga, tó sì tóbi. Ìyàwó mi dùbúlẹ̀, ó wọ ẹ̀wù dúdú alápá gígùn sábẹ́ funfun tí mo rán, ó fi ìborí tó fún di orí. Ọmọbìnrin náà jókòó lé e. Ó na ọwọ́, ó di apá aṣọ mú, apá ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. N kò mọ ìgbà tí mo fò dìde.

“Ẹ má fa apá ọ̀tún!”

Gbogbo ìjà dúró. Ọ̀gá náà sọ nǹkan. Olùkọ́ wa yíjú sí mi, ó ní, “Wọ́n ní ṣé apá ìyàwó yín ń dùn ún ni?” Mo fọwọ́ bo àpò àyà mi. Ìyàwó mi gbé orí sókè láti ilẹ̀, ó wò mí, ó sì pẹ́ kó tó mú ojú kúrò. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n kà lọ́jọ́ náà.

“Apá mi kò ṣe nǹkan kan,” ó sọ fún olùkọ́. Ó yíjú sí ọmọbìnrin tó wà lórí rẹ̀. “Fà á. Fà á dáadáa, má ṣàánú mi.”

Ó fà á. Mo di ojú. Kò sí aránṣọ tí kò mọ ìró òwú tó ń já, ìyẹn ni mo ń dúró dè. Ohun tí mo gbọ́ ni gbì, bí àpò tó bọ́ láti orí ọkọ̀. Nígbà tí mo la ojú, ìyàwó mi ló wà lókè.

Ó gba búlúù. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ ọn nídìí, ó sì di kọ́là aṣọ náà mú, ó bèèrè ẹni tó rán an. Wọ́n nawọ́ sí mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ìyá ẹlẹ́pà ló pa tirẹ̀ kíkan jù. Àtẹ́wọ́ náà ta mí ju ẹgba lọ. Mo tẹrí ba bí ọ̀dọ́ tí wọ́n ń yìn, mo sì ń bẹ ilẹ̀ kó lanu. Lójú ọ̀nà, ìyàwó mi ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi wá.” Mo ní hùn-ún. Mo rò pé Ọlọ́run ló bò mí láṣírí.

Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ sí Koko. Mo sáré yọ aṣọ náà nínú báàgì kí n lè rán èjìká náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dé. Mo yí inú rẹ̀ síta. Òwú àpò àgbàdo, dúdú, nínípọn, ló wà lójú ìránpọ̀ mi, ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ẹsẹ̀ adìẹ nínú ẹrẹ̀, kókó ìyá rẹ̀ sì wà ní ìparí. Mo jókòó sílẹ̀ nínú yàrá. Ó ti mọ̀ kí a tó kúrò ní Bàǹtẹ̀. Ó mọ̀ nígbà tó jókòó sẹ́yìn mi lórí alùpùpù, ó mọ̀ nígbà tó wò mí láti orí ẹní. Ojú tì mí débi pé mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bóyá ẹnì kan ń rí mi. Ọkùnrin tó gbọ́n ì bá ti pàdé rẹ̀ lọ́nà láti bẹ̀ ẹ́. Èmi se àsáró. Ó jẹ ẹ́, ó ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀.

Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èmi kò kúnlẹ̀ rárá, ọdún sì ń gorí ọdún. Àwọn ìbejì wa ti ń ga jù mí lọ báyìí. Ìyàwó mi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ọmọ-ọmọ bàbá ẹlẹ́fẹ̀ iwájú mọ́sálásí wà lára wọn. Èmi ni mo ń rán aṣọ gbogbo wọn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sì ń rán ojú kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń san ẹ̀jẹ́.

Ní oṣù tó kọjá, ó gbé aṣọ àtijọ́ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kọ́là rẹ̀ ti gbó. “Ẹ bá mi pààrọ̀ kọ́là,” ó ní, “ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan èjìká ọ̀tún.”

Ẹsẹ̀ mi dúró lórí ẹ̀rọ. “Ìyá Ìbejì,” mo ní, “òwú tó jẹrà yẹn, èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ...”

“Mo mọ̀.”

“Kí ló dé tí o kò fi bi mí láti ọjọ́ yìí?”

Ó ń fi ìka rọra tẹ kókó náà. “Ẹ ti jẹ́wọ́ fúnra yín ní Sávàlú, níwájú gbogbo ènìyàn. Mo ti ń wò yín láti orí ẹní láti àárọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ jókòó jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, tí ẹ sì ń wo apá mi tí wọ́n ń fà, n kì bá tí bá yín padà sí Bàǹtẹ̀.”

Ó gbé alùpùpù rẹ̀, ó ń lọ sí Koko. Mo pààrọ̀ kọ́là náà, mo rán an lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò sì fọwọ́ kan èjìká. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń bá mi wí pé ara mi kì í balẹ̀, pé ìdí mi kì í gbé orí àga. Mo máa ń tijú ìwà náà tẹ́lẹ̀.