Ọjọ́ Tí Aṣọ́lé Àgbà Gbé Ife Ọba

Nígbà kan rí, ariwo èrò inú pápá lórí tẹlifíṣọ̀n ni mo máa ń fi odidi ọdún retí. Ní ọ̀sán Sátidé kan ní ìparí oṣù kẹrin, tí yìnyín bá ti yọ́ tán létí odò Humber, tí àwọn igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú àtirúwé, wọn a gbá àṣekágbá ife ọba nílẹ̀ Sípéènì. Èmi a jókòó sí pálọ̀ wa ní àjà kẹrìnlá ilé gogoro kan ní Weston, ní Toronto, àbúrò mi ọkùnrin a jókòó sí tirẹ̀ n'Íbàdàn, a ó sì jẹ́ kí fóònù wà ní títàn láàárín wa títí wọn yóò fi gbé ife lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́.

Irọ́ tí èmi fúnra mi pa ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Mo fi ọdún mẹ́rin ju àbúrò mi lọ. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, mo ra rédíò kékeré kan, mo gbé e wálé ní ìsinmi, mo sì ń rìn bí ẹni tó ki ìlú òyìnbó bọ àpò. Ní ọjọ́ kan, a yí rédíò náà títí a fi bọ́ sórí iléeṣẹ́ kan tí ọkùnrin kan ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jóná. Mo dá a mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni, pé àṣekágbá ni, pé Sípéènì ni. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ mi parí sí. Ṣùgbọ́n mo ti ka Látìnì díẹ̀, mo sì ti sọ fún àbúrò mi pé kò sí èdè òyìnbó tí kì í yé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ nìyẹn. Mo ní ẹnì kan gba bọ́ọ̀lù, ó gé ọ̀kan, ó gé èkejì. Mo fún àwọn agbábọ́ọ̀lù lórúkọ. Mo tilẹ̀ kán ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Mo wá parí rẹ̀ pé ẹgbẹ́ olú ìlú ló gba ife. Àbúrò mi ròyìn rẹ̀ káàkiri àdúgbò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ìwé ìròyìn dé, tó sọ pé ẹgbẹ́ kejì ló gbà á, pé góòlù kan péré ni wọ́n jẹ, kò sì sí ẹni tó fẹsẹ̀ ṣẹ́. Ó mú un wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Látìnì yín yìí, ẹ lọ dá a padà fún wọn."

Láti ọjọ́ náà, kò gba ohunkóhun tí mo bá sọ nípa bọ́ọ̀lù gbọ́ mọ́. Nínú gbogbo nǹkan mìíràn, ó bọ̀wọ̀ fún mi débi pé kì í jókòó kí n tó jókòó. Lórí bọ́ọ̀lù, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò. Bí mo bá ní agbábọ́ọ̀lù kan dára, á ní ẹlẹ́sẹ̀ igi ni. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí a fi bá a lọ bẹ́ẹ̀, kò gbà fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi kó wá sí Toronto nítorí ọmọ wa obìnrin, orí fóònù la ti ń bá ìjà náà lọ. Àwòrán tèmi máa ń yára ju tirẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí náà bí mo bá pariwo góòlù, á jágbe mọ́ mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ panu mọ́! Tiyín ti ṣẹlẹ̀, tèmi ò tíì ṣẹlẹ̀!" Ìyàwó mi kì í jókòó tì wá. Ó ní ariwo arúgbó méjì ti pọ̀ jù fún ilé kan, á sì gba ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kò ní orúkọ gidi lẹ́nu wa. Àtámátàsé kan wà nínú ẹgbẹ́ ńlá kan, tó jẹ́ pé bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i lára, á ṣubú, á máa yí gbirigbiri. Àbúrò mi sọ ọ́ ní Ìyàwó Ọ̀ṣìngín, nítorí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kò sí ẹni tó kórìíra tó o nílé ayé. Ẹni tó fẹ́ràn ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ kékeré kan láti etí òkun, ọkùnrin apárí kan tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, tí kò gba ife kankan rí. Òun ló ń pè ní Àgbà. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, lọ́jọ́ tí Àgbà bá gbé ife, ẹ máa gbọ́ ariwo mi ní Toronto láìsí fóònù."

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, ẹgbẹ́ Àgbà àti ẹgbẹ́ Ìyàwó Ọ̀ṣìngín ló pàdé. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ohùn àbúrò mi gbẹ̀yìn. Bí mo bá pè, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí òun náà ti di bàbá ọlọ́mọ méjì, ló ń gbé fóònù. "Dádì Kánádà, ẹ káàsán sà. Dádì ń sùn ni." Ní ọjọ́ kejì: "Wọ́n wà ní bálùwẹ̀ sà." Ní ọjọ́ kẹta: "Ọ̀fun ló ń dùn wọ́n. Dókítà ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ rárá." Lẹ́yìn náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti orí fóònù àbúrò mi pé ara ń yá díẹ̀díẹ̀, kí n máa gbàdúrà. Mo gbà. Láàárín àkókò kan náà ni ọmọ wa obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wá láti ìlú Milton nítòsí wa, tó gba fóònù mi, tó ní ó ti kún, pé òun fẹ́ bá mi tún un ṣe. Nígbà tó dá a padà, ojú ibi tí gbogbo ẹbí ti máa ń kọ̀rọ̀ síra wa ti pòórá. Ó ní yóò padà wá fúnra rẹ̀. Èmi tí mo gboyè jáde ní yunifásítì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wá gbé gbogbo ọkàn mi lé ọjọ́ àṣekágbá. Mo ní bó ti wù kí ọ̀fun máa dùn ún tó, kò lè dákẹ́ fún Ìyàwó Ọ̀ṣìngín. Ohun tí mo ń wá kò pọ̀. Kí ó ṣáà jágbe mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀, kí n mọ̀ pé ó wà.

Ọmọ wa dé ní ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ó máa ń ní shift ní Sátidé. Ìyàwó mi kò lọ sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ìwọ náà fẹ́ wo bọ́ọ̀lù lónìí?" Ó ní, "Ṣé wọ́n fòfin dè mí ni?" Ó jókòó, ṣùgbọ́n èmi ló ń wò, kò wo tẹlifíṣọ̀n.

Mo pe Ìbàdàn. Ọmọ àbúrò mi ló gbé e. "Dádì ń wò ó nínú yàrá, sà. Wọ́n ní àwọn á máa tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí yín."

"Gbé fóònù sẹ́bàá ẹnu ẹ̀. Kí n gbọ́ èémí ẹ̀ lásán."

"Ha, sà… wọ́n ti ń mú iná lọ, sà." Ìpè náà já.

Ìyàwó Ọ̀ṣìngín ṣubú níwájú ilé kí eré tó pé ogún ìṣẹ́jú, rẹfirí sì fún un ní pẹ́náritì. Ó gbá a wọlé fúnra rẹ̀. Mo sáré tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé ó tún ti ṣubú o. Èsì pẹ́ kó tó dé: "Bọ́ọ̀lù yìí gbóná o." Mo sọ fún ara mi pé oògùn ọ̀fun ni. Ní abala kejì, ẹgbẹ́ kékeré fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé láti ibi kọ́nà, ó di ọ̀mì. Ìyàwó mi kò mọ̀ pé góòlù ti wọlé. Mo ronú díẹ̀, mo wá tẹ ohun tí n kò lè sọ níwájú àbúrò mi kí n sì sùn láyọ̀: "Láti ọjọ́ tí a ti bí wa, a ò tíì rí agbábọ́ọ̀lù tó dára tó Ìyàwó Ọ̀ṣìngín. Àgbà ò mọ nǹkan kan, ó yẹ kó lọ jókòó sílé." Mo gbé fóònù sórí itan, mo ń dúró de èébú.

Èsì dé. "Òótọ́ lẹ sọ, sà."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ dáadáa ni àbúrò mi tọ́. Ọmọ náà lè pa irọ́ bí ẹbí ṣe rán an, ó lè máa fi fóònù bàbá rẹ̀ kọ̀rọ̀ sí mi, ṣùgbọ́n kò lè bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ jiyàn. Ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kó lè ṣe é.

Mo bi ìyàwó mi pé, "Ìgbà wo ló kú?"

"Ta ni?"

Ọmọ wa dìde. "Daddy, please. Ẹ rántí BP yín."

"Mo ní ìgbà wo?"

Ìyàwó mi wolẹ̀. "Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn ni."

"Wọ́n ti sin ín?"

"Wọ́n ti sin wọ́n. Ní Fúráìdé ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá Fúráìdé náà nínú orí mi. Mo rí i. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ gẹ irun mi lọ́jọ́ náà. Mo sọ ìtàn kan fún afárí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Mo ra ẹja dídì bọ̀, mo sì di ilẹ̀kùn lífìtì mú fún obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n, mo bá ọmọ náà ṣeré. Ibi tí wọ́n ti ń da yẹ̀pẹ̀ bo àbúrò mi nìyẹn. Mo tún rántí oṣù kejìlá tó ṣáájú, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wálé ká jọ wo ọ̀kan lójúkojú kí ojú wa tó bà jẹ́ tán." Mo ní orúnkún mi kò fẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, kó jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Mo sọ ọ́ bí ẹni tí ọdún tó ń bọ̀ wà lápò rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò rántí pa tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gbá a dé orí pẹ́náritì. Àgbà mú ti Ìyàwó Ọ̀ṣìngín, ó fò sí ọwọ́ òsì bí ọmọ ogún ọdún, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ àyà. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ife fún un. Ó ń sunkún, omi ojú ń ṣàn lórí irùngbọ̀n rẹ̀. Mo tẹ́tí. Àgbàlagbà bíi tèmi, mo tẹ́tí. Kò sí ohùn kankan ju ti ìyàwó mi tó ń fa imú.

Ó pẹ́ kí n tó bá ọmọ wa sọ̀rọ̀. Ọmọ àbúrò mi pè, ó ń sunkún, ó ní kí n dárí ji òun, pé ẹ̀rù ló ba gbogbo ẹbí pé kí ọ̀rọ̀ má di òkú méjì. Mo ní mo ti dárí jì í. N kò tíì dárí jì í nígbà náà. Mo ní kò sí ìwà ìkà tó tó kí ènìyàn fi òkú ẹni pamọ́ fún ẹni. Mo sọ ọ́ léraléra, mo sì gbà á gbọ́.

Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí. N kì í wo bọ́ọ̀lù mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ṣì wà l'Ábẹ́òkúta. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojú rẹ̀ ti lọ. Òun ló pọn àbúrò mi nígbà tí ìyá wa ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn ikú náà, ẹbí pè mí, wọ́n ní èmi ni àgbà ọkùnrin tó kù, kí n sọ bóyá kí àwọn tú òfò náà fún un. Mo sì ti bú gbogbo wọn nítorí pé wọ́n fi òkú pamọ́ fún mi. Mo wo ọjọ́ orí rẹ̀, mo wo bó ṣe máa ń dárúkọ ọmọ tó pọ̀n, mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo máa ń pè é. N kò pa ọ̀kan jẹ rí.

"Àbúrò rẹ ńkọ́? Kì í yọjú sí mi mọ́."

"Ó wà, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń kí yín."

"Bá mi kí i o."

"Màá kí i, ẹ̀gbọ́n mi."

Bí ó bá ti gbé fóònù sílẹ̀ tán, mo máa ń di tèmi mú síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí n kò mọ ibi tí màá gbé ìkíni náà lọ.